Ooru òru àná
Ooru àná kì í ṣe kékeré. Ibùsùn gbóná débi pé ilẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé la tẹ́ aṣọ sí. Ọkọ mi rẹ aṣọ ìnura sómi, ó fún un, ó tẹ́ ẹ lé mi láyà. Bí omi yẹn ṣe ń gbẹ ni ara mi ń tutù. Ó wá mú ìwé tí a fi ń ṣírò owó ilé, ó fi ń fẹ́ mi. Owó ilé ọ̀hún ò tíì pé o, ọ̀rọ̀ náà ò sì jẹ́ kí oorun kùn mí. Mo ní kó sinmi, ó ní kí n kọ́kọ́ sùn ná. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an. Nígbà tí mo jí, ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, oorun ti gbé e lọ.