Ilé tí Pushkin kú sí ní Moika 12

Ẹ wò ó, ilé kan wà ní Saint Petersburg ní Rọ́ṣíà, nọ́ńbà 12 létí odò Moika, tó wù mí gan-an. Ilé ìdílé Volkonsky ni, Alexander Pushkin, akéwì ńlá ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kàn rẹ́ǹtì ibẹ̀ lọ́dún 1836 ni, òun, Natalia ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn mẹ́rin, kò sì lò tó oṣù márùn-ún níbẹ̀ tó fi kú, tòun ti gbèsè lọ́rùn.

Georges d'Anthès, ará Faransé kan, ló ń dẹnu ìfẹ́ kọ Natalia, ọ̀rọ̀ gba ìgboro, wọ́n tún ń kọ lẹ́tà aláìlórúkọ sí Pushkin láti fi ṣẹ̀sín, ló bá di pé àwọn méjèèjì dojú ìbọn kọra wọn ní January 1837 (February ni, tá a bá fi kàlẹ́ńdà òde òní kà á). Ọta ba Pushkin níkùn. Nikita Kozlov, ìránṣẹ́ ẹ̀, ló gbé e wọlé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí sófà láàárín àwọn ìwé ẹ̀ tó lé ní 4,000.

Ibi tó máa ń dùn mí jù nìyí: èrò kún iwájú ilé, gbogbo wọn fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe é, débi pé Zhukovsky, akéwì bíi tiẹ̀, ń kọ ìròyìn ara ẹ̀ sí bébà, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tó kú, ẹni ọdún 37 péré, ẹ̀rù èrò yẹn ba ìjọba, òru ni wọ́n gbé òkú ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Láti 1925 ni ibẹ̀ ti di mùsíọ́ọ̀mù. Gbogbo 10 February làwọn èèyàn ń pé jọ sínú ọgbà ilé náà, tó bá di aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 45 lọ́sàn-án, àsìkò tó kú gan-an, gbogbo wọn á dákẹ́.

Lórí tábìlì Pushkin, ère ọkùnrin dúdú kan wà lára àwo tàdáwà ẹ̀, Nashchokin ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló fún un, nítorí Abram Gannibal, ọmọ Áfríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́mọdé tó wá di ọ̀gágun ní Rọ́ṣíà, ló bí bàbá ìyá Pushkin, Pushkin ò sì fi pamọ́ rí, ó ń fi yangàn ni. Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà tẹ́ ẹ ń kàwé ní Rọ́ṣíà, ilé náà ò jìnnà sí ààfin ọba àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yà síbẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé ẹ wo àwo tàdáwà yẹn dáadáa.