Lórí kẹ̀kẹ́ létí adágún Kivu: ọ̀nà ilẹ̀ pupa láti Rubavu dé Karongi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí nípa ìrìnàjò Rwanda yẹn, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀. Ọ̀nà tí mo ń sọ ni wọ́n ń pè ní Congo Nile Trail, kìlómítà 227 ni gbogbo ẹ̀, Rubavu ló ti bẹ̀rẹ̀ lápá àríwá, ìlú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè ní Gisenyi, ó wá ń tọ etí adágún Kivu lọ títí dé Rusizi ní gúúsù. Apá àríwá lèmi àti ọ̀rẹ́ mi gùn, láti Rubavu dé Karongi, tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ilẹ̀ pupa tí ò sí mọ́tò níbẹ̀, apá yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.

Kì í ṣe àdììtú pé kò sí mọ́tò. Wọ́n ti la títì ọlọ́dà tó dáa gan-an gba apá òkè, gbogbo bọ́ọ̀sì àti tírélà ló ti kó síbẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ tó sún mọ́ omi wá kù fún ẹlẹ́sẹ̀, ewúrẹ́, ọ̀kadà kọ̀ọ̀kan àti oníkẹ̀kẹ́. Ẹ lè wà lórí ẹ̀ fún wákàtí kan gbáko kẹ́ ẹ má gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ táyà lẹ ó máa gbọ́, àtàwọn tó ń roko lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti oko kan sí ìkejì bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó síbì kan náà ni.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má rò pé torí ó wà létí omi ó máa tẹ́jú o. Kò tẹ́jú rárá. Ojú omi Kivu fúnra ẹ̀ ga tó mítà 1,460 ju òkun lọ, òkè gbọọrọ kan sì wà lọ́wọ́ òsì yín tẹ́ ẹ bá kọjú sí gúúsù, òun ló ń pín omi sí méjì. Òjò tó bá rọ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀ lápá ìlà oòrùn á gba odò Nyabarongo àti Akagera lọ sí adágún Victoria, á wá di odò Nile, èyí tó bá rọ̀ sí ọ̀dọ̀ wa níbí á wọ Kivu, á gba odò Ruzizi bọ́ sí Tanganyika, ó pẹ́ ó yá á di odò Congo. Ohun tó kan oníkẹ̀kẹ́ nínú gbogbo ìyẹn ni pé odò kéékèèké tó ń sáré bọ̀ látorí òkè yẹn pọ̀ lọ súà, kálukú ló sì ti gbẹ́ àfonífojì tiẹ̀, ọ̀nà wá gbọ́dọ̀ dá wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ dé etí odò, ẹ ó kọjá afárá, ẹ ó tún gun òkè, kẹ́ ẹ tó mí dáadáa odò míì ti dé. Gbogbo gíga tẹ́ ẹ bá fi òógùn rà, ẹ ó dá a padà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kì í ṣe òkè gígùn ló yẹ kí wọ́n múra sílẹ̀ fún. Òkè gígùn ò le tó bẹ́ẹ̀ tí jíà bá ti wà. Ẹ jẹ́ kí jíà iwájú kéré ju èyí tó tóbi jù lẹ́yìn lọ, ẹ jókòó, ẹ máa yí pẹ́dà jẹ́jẹ́, ẹ ó dé òkè. Ìsọ̀kalẹ̀ niṣẹ́! Òkúta wẹ́wẹ́ tó fọ́n sójú ilẹ̀ líle ò ní jẹ́ kí táyà di ilẹ̀ mú, ẹni tó bá sì wá fún bíréèkì pọ̀ nígbà tó ti wọ kọ́nà tán, táyà iwájú á yọ̀ lábẹ́ ẹ̀ ni. Kẹ́ ẹ tó wọ kọ́nà ni kẹ́ ẹ ti fa bíréèkì, ẹ ti ìdí sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tẹ ìgúnpá, ẹ di ìsàlẹ̀ hándù mú níbi tí ìka ti ráyè fa bíréèkì dáadáa, kẹ́ ẹ sì wo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbà, ẹ má wo òkúta tẹ́ ẹ ń sá fún. Táyà tèmi fẹ̀ tó mìlímítà 45, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ò ju bíi psi 30 lọ (psi ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó nínú táyà), kò sí tíúbù nínú ẹ̀, oje tó ń dí ihò ni mo rọ sí i. Àwọn kan ṣì ń fẹ́ táyà le koko torí wọ́n rò pé ìyẹn ló ń yára, ó lè rí bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀dà, àmọ́ lórí òkúta, táyà tó le á máa ta yín sókè ni, gbogbo agbára yín á bá a lọ.

Ẹni tó ṣe ohun tí mò ń sọ yìí lójú mi láìní ìkankan nínú irinṣẹ́ tiwa ni bàbá kan tá a bá lójú ọ̀nà kó tó di Kinunu, ibi tá a ti sùn. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè, odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù mẹ́rin ló dì sẹ́yìn, jíà kan ṣoṣo, irin kẹ̀kẹ́ náà wúwo. A kí i, “Mwaramutse,” ó dáhùn, ó wo ẹsẹ̀ wa tó ń yí pẹ́dà, ó ní “Komera!” Ìyẹn ni pé ká ṣe gírí. A bọ́ sílẹ̀, a ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí kò wù wá ká kàn fẹ́ kọjá lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tá a dé góńgó òkè ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà mi, ó mi orí, ó tún okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì, ó gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó gbéra. Ó wọ kọ́nà àkọ́kọ́ láìfi ìwàǹwára kankan ṣe é, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ló ń tẹ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn, ara ẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ojú ẹ̀ sì ti wà níbi tí kọ́nà ti máa parí. A sá tẹ̀ lé e. A ò bá a! Ìgbà tá a fi máa dé afárá ó ti ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè kejì.

Àwọn ọmọdé náà ńkọ́? Tí wọ́n bá ti rí yín, wọn á bá yín sáré, pàápàá lórí òkè níbi tí eré wọn ti yá ju tiyín lọ. Rwanda fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ gan-an, Kigali ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé kẹ̀kẹ́ ojú títì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wá sí Áfíríkà nìyẹn.

Kinunu la sùn, oko kọfí ló yí ibẹ̀ ká. Ẹ dúró níta nírọ̀lẹ́, torí ìgbà yẹn làwọn apẹja máa ń wa ọkọ̀ lọ sójú omi, ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń so pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń kọrin kí ọwọ́ ìwakọ̀ wọn lè bára mu, ẹja wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ sambaza ni wọ́n ń wá lọ. Ohùn yẹn wọ̀ mí lára.

Ẹ lọ láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ. Láti oṣù kẹta dé ìkarùn-ún òjò máa ń pọ̀, ilẹ̀ pupa yẹn tó bá ti rin, á lẹ̀ mọ́ táyà, á dí àárín fọ́ọ̀kì pa, ẹ ó kàn máa gbé kẹ̀kẹ́ ni.

Ní ti apá gúúsù, láti Karongi lọ sí Rusizi, ọ̀dà ti gba púpọ̀ nínú ọ̀nà àtijọ́ lọ́hùn-ún. Àmọ́ ọ̀nà oko ṣì wà tó ń yà kúrò lára títì lọ sí etí omi, àwọn yẹn ni mo fẹ́ so pọ̀, mo ti ń fa ìlà sórí máàpù báyìí, ọ̀rẹ́ mi náà sì ti ní òun ń bọ̀.