Ẹ yéé fipá ti ohùn yín sókè

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lónìí. Ọjọ́ tí dókítà ọ̀fun ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí gba ihò imú mi wọlé, tó ní kí n wo ojú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú ara mi rí nǹkan tí mo ti ń fi kọrin láti kékeré. Tán-án-ná méjèèjì nìyẹn o, funfun báláú, bí ètè kékeré méjì tó dùbúlẹ̀ sínú gògóńgò. Ó ní kí n ṣe "ííííí", wọ́n bá sáré pàdé ara wọn, àmọ́ wọn ò lẹ̀ pọ̀ tán, torí kókó kékeré kan ti wú lápá ọ̀tún, òmíì wú lápá òsì, àwọn méjèèjì dojú kọra gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kókó yẹn lafẹ́fẹ́ ń gbà jò jáde. Òun làwọn èèyàn ń gbọ́ tí wọ́n fi ń bi mí pé kí ló dé tóhùn ẹ há.

Mi ò ṣàìsàn o. Bí mo ṣe ń kọrin ló fà á. Ẹni tó ń kọ́ wa lórin nígbà yẹn, gbólóhùn kan ló mọ̀: "Tì í! Tì í látinú ikùn!" Bí nóòtì bá ṣe ń ga ni mo ṣe ń ti afẹ́fẹ́ sí i, iṣan ọrùn mi á yọ síta, àgbọ̀n mi á le, tí n bá kọrin tán ọ̀fun á máa ta mí bí ẹni gbé ata mì. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Irọ́ ni, ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó lóhùn dáadáa ṣì ń gbọ́ irú ìmọ̀ràn yẹn títí dòní.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Nóòtì A tí wọ́n fi ń túùnù ohun èlò orin, ìgbà 440 ni tán-án-ná máa ń ṣí tó máa ń pa dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo kó tó lè dún, bẹ́ẹ̀ gígùn ẹ̀ ò ju nǹkan bíi mìlímítà 25 lọ, tàwọn obìnrin tún kúrú jùyẹn. Iṣan méjì ló ń darí ẹ̀ jù. Ọ̀kan wà nínú tán-án-ná fúnra ẹ̀, tó bá sún kì, tán-án-ná á kúrú, á nípọn, òun la fi ń rí ohùn àyà, ohùn tá a fi ń sọ̀rọ̀. Ìkejì wà lápá iwájú gògóńgò níta, tóun bá fà, tán-án-ná á nà, á tín-ín-rín, bíi rọ́bà tẹ́ ẹ fà le tẹ́ ẹ wá ta, ohùn orí nìyẹn. Ó yẹ kí ìkejì máa gbà á lọ́wọ́ ìkíní díẹ̀díẹ̀ bí orin ṣe ń gòkè. Èmi ò jẹ́ kó gbà á. Mo gbé tán-án-ná tó nípọn yẹn gòkè bó ṣe wà, afẹ́fẹ́ rẹpẹtẹ nìkan ló sì lè mì í, ni wọ́n bá ń gbá ara wọn gbàmù gbàmù títí apá ò fi ká a mọ́, tóhùn á já lójijì. Fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ibi D sí F tó tẹ̀ lé C àárín píánò ló ti máa ń já.

Ẹ máa ní àwọn olórin tó ń ké tantan lókè ńkọ́? Belting nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe láìṣe ara ẹni léṣe, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń jáde nígbà yẹn ò pọ̀ rárá. Tán-án-ná máa ń wà ní pípa dé ju ìdajì àsìkò lọ, gògóńgò á gòkè díẹ̀, ẹnu á là dáadáa. Ohùn á lágbára létí olùgbọ́, àmọ́ ọ̀fun olórin ò gbọdọ̀ máa ro ó. Ká tiẹ̀ tún rántí pé látìgbà táwọn olórin ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo máìkì nínú 1920s, tí olórin Amẹ́ríkà nì, Bing Crosby, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń rọra kọrin sí i, kò pọn dandan mọ́ kẹ́nikẹ́ni pariwo kí gbọ̀ngàn tó gbọ́.

Ti "kọ ọ́ látinú dáyáfíráàmù" táwọn olùkọ́ orin máa ń sọ náà, iṣan tá a fi ń mí sínú ni dáyáfíráàmù, tá a bá ń kọrin ńṣe ló ń padà sókè. Ìhà ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ẹ gbé ọwọ́ síbẹ̀, ẹ mí sínú kó fẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọrin láìjẹ́ kó yára wó.

Èyí tó tún ohùn mi ṣe jù ni sítírọ́ọ̀. Ẹ ṣe omi sínú ife, ẹ ti sítírọ́ọ̀ bọ̀ ọ́ bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, ẹ wá kùn látìsàlẹ̀ lọ sókè kẹ́ ẹ sì tún sọ̀ kalẹ̀. Omi á máa hó pùtùpùtù. Tó bá tú jáde, ẹ ti tì í jù nìyẹn, tó bá dákẹ́, ẹ ti há a. Afẹ́fẹ́ tó ń ta padà látẹnu sítírọ́ọ̀ ló ń ran tán-án-ná lọ́wọ́ kó má fipá gbá ara ẹ̀. Ingo Titze tó jẹ́ onímọ̀ nípa ohùn ló jẹ́ kó gbajúmọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, mo máa ń ṣe é láàárọ̀.

Ẹ sì má dúró di orí ìtàgé kẹ́ ẹ tó mumi, torí omi tẹ́ ẹ gbé mì kì í kan tán-án-ná rárá, ó dìgbà tó bá dé inú ẹ̀jẹ̀. Ooru omi gbígbóná tẹ́ ẹ fà símú ló ń kàn án tààrà.

Wọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, mo dúpẹ́, torí mo mọ̀ pé Adele, olórin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe é ní 2011 tóhùn ẹ̀ padà, ṣùgbọ́n Julie Andrews tóun náà jẹ́ olórin ṣe tiẹ̀ ní 1997, kò sì lè kọrin bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Sùúrù àti sítírọ́ọ̀ ni wọ́n fi tọ́jú tèmi. Nígbà tí wọ́n tún ti kámẹ́rà wọlé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo ṣe "ííííí", tán-án-ná méjèèjì sì lẹ̀ pọ̀ ṣinṣin láti iwájú dẹ́yìn.