Wọ́n tú pọ́ǹpù lódà mi lásán, ọ́ọ̀sì ló ti sán

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo lódà kékeré ní Ìkòròdú níbí, ì báà ṣe yanrìn lẹ fi ń kó, ì báà ṣe ìgbẹ́ adìẹ lóko, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnjìnnì yín bá kọ̀ tí kò sítáàtì, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú pọ́ǹpù tó ń ta dísù sí i, ẹ kọ́kọ́ gbé epo fún ẹnjìnnì yẹn látinú kẹ́ẹ̀gì ná. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ó ṣì ń dùn mí wọra, kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ.

Ẹnjìnnì tèmi, onísílíńdà mẹ́rin ni, pọ́ǹpù àtijọ́ ló ní, kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Baiyeku la ti ń ta yanrìn, lódà yìí ló ń di típà fún wa. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń dà wá láàmú láràárọ̀, ọ̀pẹrétọ̀ mi á kíkì í títí kó tó sítáàtì, àmọ́ tó bá ti sítáàtì tán, á ṣiṣẹ́ dalẹ́. Mo ní bátìrì ni, mo ra tuntun. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ń yí dáadáa o, ṣùgbọ́n kò mú, èéfín kankan ò sì jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Mi ò mọ̀ pé èéfín tí ò jáde yẹn ń sọ nǹkan fún mi. Tí ẹnjìnnì dísù bá ń yí tí èéfín funfun ń jáde, epo ń dé inú sílíńdà, kò kàn tíì jó ni. Tí kò bá sí èéfín rárá, ó jọ pé epo ò débẹ̀ nìyẹn.

Kálíbrétọ̀, ìyẹn ẹni tó ń tún pọ́ǹpù dísù ṣe, tí wọ́n bá mi pè ò yẹ tánkì wò, kò fọwọ́ kan fílítà. Ó ní "Ọ̀gá, pọ́ǹpù ti lọ." Mo ní kó tú u. Èmi náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀, torí ojú ń kán mi.

Tọ́sìdeè ló gbé e padà, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, típà mẹ́fà tò sẹ́nu ọ̀nà, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti Àlájà kan tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Agric, tó ti ń ra yanrìn lọ́wọ́ mi látìgbà tó jẹ́ pé ṣọ́bìrì làwọn ọmọ fi ń dì í. Wọ́n de pọ́ǹpù tán, wọ́n ní kí n kíkì. Mo kíkì, kò dáhùn. Mo tún kíkì, kò dáhùn. Ọkùnrin yẹn ń pariwo pé "Ẹ má fi sílẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀, air ló wà nínú ẹ̀!", mo di kọ́kọ́rọ́ mú títí òórùn wáyà tó ń jó fi gba imú mi, kí n tó bọ́ sílẹ̀ kíkìstátà tó ń yí ẹnjìnnì ti ń yọ èéfín. Ó jóná níṣojú mi. Àlájà sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n ní "Ọmọ mi, má bínú, láti aago méje làwọn òṣìṣẹ́ mi ti jókòó." Wọ́n yí típà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, wọ́n gba yáàdì kejì lọ. Mo fara ti táyà lódà, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi pè, mi ò lè gbé fóònù.

Bàbá kan tó ń wa típà ló yọ mí. Wọ́n bi mí bóyá mo ti gbé epo fún un látinú kẹ́ẹ̀gì, mo ní rárá. Lẹ́yìn tí mo rí kíkìstátà tòkúnbọ̀ rà ní Owódé Onírin, Bàbá ki ọ́ọ̀sì funfun téèyàn lè rí inú ẹ̀ bọ kẹ́ẹ̀gì dísù tó mọ́, wọ́n gbé e ga ju pọ́ǹpù lọ, wọ́n lé atẹ́gùn jáde, ẹ̀ẹ̀kejì tá a kíkì ó sítáàtì. A wá tú ọ́ọ̀sì tó ti tánkì wá, ó ti sán lábẹ́ kílíìpù.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé abẹ́ lódà gbẹ, kò sí epo tó ń kán, ìdí nìyẹn tẹ́nikẹ́ni ò fi wo ọ́ọ̀sì. Láti tánkì dé pọ́ǹpù kékeré, fífà ni wọ́n ń fa epo. Ibi tó bá sán níbẹ̀, atẹ́gùn ló ń wọlé, epo lè má jáde rárá. Tẹ́ ẹ bá pa á lálẹ́, epo inú ọ́ọ̀sì á sàn padà sí tánkì, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àárọ̀ ló ń ṣe wàhálà. Tó bá sítáàtì látinú kẹ́ẹ̀gì, ẹ padà sí tánkì, sí ọ́ọ̀sì, sí asẹ́ inú tánkì, àti ihò atẹ́gùn ìdérí ẹ̀. Tí kò bá sítáàtì, ẹ wo fílítà, pọ́ǹpù kékeré, àti solenoid tó ń ṣílẹ̀kùn fún epo, tẹ́ ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́ ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ "kọ́". Pọ́ǹpù ńlá, irú èyí tí wọ́n tú fún mi, ló kẹ́yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò tọ́jú ẹ̀rọ mi o, fílítà tuntun ló wà lórí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Omi náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí. Ẹ gba epo ìsàlẹ̀ fílítà sínú ìgò tó mọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi, omi á wà nísàlẹ̀ torí ó wúwo ju dísù lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra epo inú dúrọ́ọ̀mù, ẹ máa ṣe é.

Láti lé atẹ́gùn, ẹ dẹ sikúrúù orí fílítà, ẹ máa fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré títí epo ò fi ní hó mọ́, ẹ dè é. Ẹ wá dẹ nọ́ọ̀tù páìpù tó wà lórí nọ́súlù (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú sílíńdà) díẹ̀, ẹ kíkì kí epo jáde, ẹ dè é padà. Ẹ má fọwọ́ gba epo yẹn o, agbára ẹ̀ lè gún awọ ara wọlé. Kíkì kan ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ká ní ẹnì kan sọ èyí fún mi ní Tọ́sìdeè ni, kíkìstátà mi ò bá má jóná.

Tí tiyín bá jẹ́ oní-kọ̀ǹpútà, ẹ má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tù orí nọ́súlù rárá, tiẹ̀ yàtọ̀. Kẹ́ẹ̀gì ní tiẹ̀, ẹ ṣì lè gbé e sí i.