Àbúrò mi lórí ẹní

Láàárọ̀ yìí ni mo bá àbúrò mi lórí ẹní lẹ́yìnkùlé wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó dijú, ó gbọ́wọ́ lé ikùn, ó ń mí sínú díẹ̀díẹ̀, ó sì ń mí jáde pẹ̀lẹ́. Àgbébọ̀ Màámi ń ṣa gàrí tó dà sílẹ̀ jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ náà ò mira. Màámi sáré yọjú láti ilé ìdáná: "Àbí ó tún ti fẹ́ gbé e ni?" Mo ní, "Rárá o, Màámi. Ẹ jẹ́ kó parí."

Ẹ má dá Màámi lẹ́bi. Ẹni tó bá ti rí i nígbà tí wárápá gbé e ṣánlẹ̀ kò ní tètè gbàgbé.

Àìsùn àti àròjù ló sábà máa ń fà á fún un. Ìdí nìyẹn tí dókítà rẹ̀ fi ní kó máa fi ìjókòó jẹ́ẹ́ yìí kún oògùn. Kún ni mo wí o! Kì í fi carbamazepine, oògùn wárápá rẹ̀, ṣeré. Wọ́n dán irú ìjókòó jẹ́ẹ́ yìí (mindfulness lédè Gẹ̀ẹ́sì) wò ní Hong Kong lára èèyàn 60 tí oògùn ò ká wárápá wọn, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015: ìgbé ayé àwọn tó kọ́ ọ dẹrùn ju ti àwọn tó kàn ń kóra jọ gbara wọn níyànjú lọ. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìwòsàn.

Nígbà tó lajú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, orí mi fúyẹ́. Ṣé iyán àná ṣì kù?" Ọmọ Èkìtì!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó ní wárápá tó ń ṣe irú èyí? Báwo ló ṣe rí lára rẹ̀?