Ẹ má rọ omi sẹ́yẹ lẹ́nu o: ohun tójú mi rí lásìkò iná igbó yìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣì ń dùn mí o, Sátidé tó kọjá yìí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣáà mọ bí oòrùn ṣe ń mú ní Ifẹ̀ báyìí, ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo koríko, iná díẹ̀ ti tó. Ẹnì kan ló sun oko ẹ̀ lẹ́yìn ilé wa, lọ́nà Ẹdẹ, ká tó mọ̀, iná ti dé ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Àwọn àwòdì ti ń yí lókè, eku àti tata tó ń sá jáde ni wọ́n ń ṣọ́. Àparò kan sáré kọjá lẹ́sẹ̀ mi, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nìyẹn sì ń yé sí, tó bá lẹ́yin níbẹ̀, ó ti jóná.

Ni àdàbà kan bá já lulẹ̀ lẹ́bàá kànga. Ó lanu sílẹ̀, ó na ìyẹ́ méjèèjì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní òùngbẹ ni. Mo já pió wọ́tà, mo fi ìdí ṣíbí la ẹnu ẹ̀, mo rọ omi sí i. Ó gbọn orí lẹ́ẹ̀mejì, omi ń yọ nímú ẹ̀, ọrùn ẹ̀ bá rọ̀ sí mi lọ́wọ́. Mi ò lè gbé e sílẹ̀. Mo kàn jókòó síbẹ̀, èéfín ń ta mí lójú, ara ẹ̀ ṣì gbóná.

Bàbá ọdẹ kan ládùúgbò ló bi mí pé, "Àbí o rọ omi sí i lẹ́nu ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n ní, "Omi yẹn ló pa á, ọmọ mi. Ẹ̀yìn ahọ́n ni ihò tó fi ń mí wà." Ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ lomi mi lọ tààrà. Ẹnu tó là yẹn náà, ẹyẹ kì í làágùn, bó ṣe ń lé ooru jáde lára nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gà kan tún já. Mo gbé e sínú páálí Indomie tí mo lu ihò sí lára, mo dé e, mo gbé e síbi tó tutù, mi ò fún un ní nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́ mo ṣí i, ó fò lọ.

Torí náà, ẹ gbé omi sílẹ̀ kó fúnra ẹ̀ mu ún, ẹ má rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Abọ́ pẹlẹbẹ, kí omi má jìn, ẹ kó òkúta díẹ̀ sí i kí wọ́n rí ibi dúró sí, abẹ́ igi ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ̀fọn má yé sí i. Ẹni tó bá máa sun oko, kó ro etí ẹ̀ yíká, kó kọ́kọ́ rin inú ẹ̀ já kó lé àwọn àparò jáde. Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé ẹyẹ lásán ni o, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Àánú ló ṣe mí tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe, òun náà ló sì pa á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ omi sí wọn lẹ́nu.

Abọ́ tèmi wà lábẹ́ máńgòrò báyìí. Àdàbà kan ti bà síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, òun nìkan.