Ìtọ̀ tó ń jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prostate

Ẹ̀yin bàbá wa l'Ákùúrẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí láìtijú jàre. Wọ́n yọ prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀), wọ́n yọ rọ́bà ìtọ̀ tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ jáde, àmọ́ téèyàn bá wúkọ́ báyìí tàbí tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ṣòkòtò á ti tutù. Kó lè dín kù, iṣan ìsàlẹ̀ ìdí lẹ máa fún, bí ẹni tó ń mú ìsó mọ́ra níwájú àna ẹ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín), ẹ ka 1 dé 5, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún ka 5, ìgbà 10, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ẹ má sé èémí, ẹ má fún ikùn mọ́ ọn o. Tí rọ́bà bá ṣì wà lára, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Èmi máa ń ṣe é nínú mọ́tò tí gósìlóò bá mú wa l'Ọ́jà Ọba, ta ló máa mọ̀! Kì í yá, ó lè gba oṣù mélòó kan, ti ẹlòmíì á tó ọdún. Tí ikọ́ bá ń bọ̀, ẹ tètè kọ́kọ́ fún iṣan náà.